Ẹni Tó Ń Bá Ìbídùn Rìn

"Ẹnìkan kì í dá rìn létí omi," ni òpó tó ń ṣọ́ ọ̀nà náà wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún sẹ́yìn."

Láoyè kò sún. Ó tún gbé ẹsẹ̀ lé pákó àkọ́kọ́. Pákó náà rọ̀ wọlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, ó sì rọra tì í padà sórí ilẹ̀ ibùdókọ̀ Akútè. Níwájú, lórí ọ̀nà pákó tó tẹ̀lé etí Odò Ògùn, ó ń wo ẹ̀yìn Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń lọ nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tí àwọn agbẹ̀bí ń wọ̀. Ọkùnrin gíga kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ló fi àpò Ìbídùn kọ́ èjìká.

Àpò yẹn ló dun Láoyè jù. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á fún un.

"Mo ní àṣẹ," ó wí fún òpó. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí òpó lè rí òrùka aró tí ìgbìmọ̀ àdúgbò fi sí i lọ́rùn ẹsẹ̀. "Àṣẹ ẹ̀hónú nìyí. Ọkọ rẹ̀ ni mí."

"A ti rí àṣẹ yín, Bàbá," ni òpó dáhùn. Ohùn ìyá àgbà ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ohùn tó ń lọ́ra bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Àṣẹ ẹ̀hónú kò fagi lé Òfin Ìrìn Méjì-Méjì. A ń wá alábàárìn tí èémí rẹ̀ bá tiyín mu. Ẹ ní sùúrù."

Sùúrù kọ́ ló gbé Láoyè dé ibẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó ṣẹ́jú, aṣọ ewé náà sì ti ń sún mọ́ ibi tí ọ̀nà ti yà lọ sẹ́yìn òrùlé àwọn ilé tí omi ti bò.

Bí ó ti ń rò ó bóyá kí òun fo pákó àkọ́kọ́ yẹn dá, obìnrin kan sáré kọjá láàárín àwọn èrò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òpó náà gbàà.

"Ṣí i fún mi, jàre! Wọ́n ti lọ!"

Láoyè wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Òrùka aró wà lọ́rùn ẹsẹ̀ òun náà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni òpó wí. "Àyà ẹ̀yin méjèèjì ń lù bákan náà. A kì í sábà rí irú rẹ̀. Ẹ lè máa lọ."

Òrùka méjèèjì tàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pọ́n bí òòrùn ìrọ̀lẹ́. Pákó le lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n bọ́ sọ́nà.

Wọ́n yára rìn. Lápá òsì wọn, ẹ̀rọ ńlá kan tó rí bí akàn ń jẹ ojú oró lójú omi, ó ń ya omi rẹ̀ dànù lẹ́yìn. Àwọn lékelèké tò sórí rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì bẹ̀rù wọn, àwọn náà kò bẹ̀rù rẹ̀. Lókè orí wọn ni ojú irin tí ọkọ̀ ń gbà na lọ lórí àwọn òpó gíga.

"Ẹ̀gbọ́n, n kò rí yín lọ́nà yìí rí," ni obìnrin náà wí nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ kì í gun ọkọ̀ òkè yẹn ni?"

"N kì í rìn mọ́. Ẹni tí kò bá rìn dé ibi ọkọ̀, ta ni yóò jẹ́ kó gùn ún? Orúnkún ni." Ó fọwọ́ gbá a. "Mo já bọ́ láti orí àjà. Ilé ni mo ń jókòó sí báyìí, mò ń fi ẹ̀rọ kọ́ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ní Yorùbá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ni Ayọ̀wùnmí." Ó na ìka síwájú. "Ọkọ mi nìyẹn. Èyí tó ga bí ìrókò yẹn. Ṣówándé. Bí ẹ bá rí i nílé, ẹ ó rò pé wọ́n gé ahọ́n rẹ̀ ni. Ẹ wá wo ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn! Ẹ wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀!"

Láoyè dúró gbagidi. Òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pákó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ìṣísẹ̀ yín yà," ni òpó tó wà nítòsí kìlọ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró!" ni Ayọ̀wùnmí kígbe, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ìyàwó mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀," ni Láoyè wí.

Wọ́n wo ara wọn. Ìtìjú wà nínú ìwò náà, ìbínú wà níbẹ̀, ohun kan tó jọ ìbátan sì wà níbẹ̀ tí wọn kò fẹ́. Láoyè gbé ẹsẹ̀. Wọ́n tún ń lọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ayọ̀wùnmí wí nígbà tó yá. "Ẹnì kan yóò jẹ́rìí sí i pé n kì í ṣe wèrè. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní òfin ló so wọ́n pọ̀, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jowú òfin."

"Èmi àti òun la jọ ń rìn tẹ́lẹ̀," ni Láoyè wí. Kò mọ ìdí tó fi ń sọ ọ́ fún àjèjì. "Láti ọdún tí omi ń gbé àwọn tó ń dá rìn, tí wọ́n fi ṣe òfin yìí, èmi ni alábàárìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ara wa, orí pákó yìí la ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí mo ṣubú, òpó ní ìṣísẹ̀ wa kò bára mu mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti fún un ní ẹlòmíràn. Tí ó bá délé báyìí, ó ti sọ̀rọ̀ tán. Yóò jẹun, yóò wẹ̀, yóò ní 'Bàbá Ìlérí, ó dàárọ̀ o.' Ó parí."

"Tiyín tilẹ̀ ń kí yín."

Wọ́n yọ sí ọ̀nà títọ́ tí a ti ń rí ọ̀kánkán. Àwọn méjì náà kò jìnnà mọ́. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sún mọ́ pákó, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nínú rẹ̀ ń ta àgbàdo sísè, ooru ń ti inú ìkòkò rẹ̀ yọ sókè. Ṣówándé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba odidi kan. Bí wọ́n ti ń lọ, ó ń yín àgbàdo náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń dà á sí àtẹ́lẹwọ́ Ìbídùn. Ìbídùn ń ṣà á jẹ lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí adìyẹ.

Ojú Láoyè ṣú. "Àgbà obìnrin! Ta ni kì í dá àgbàdo jẹ fúnra rẹ̀?"

"Ẹ rí i fúnra yín," ni Ayọ̀wùnmí wí. "Nígbà tí mo bímọ wa, tí n kò lè dìde, ọbẹ̀ ni mo ní kó bu fún mi, ó ní ibo ni mo gbé ṣíbí sí."

Nígbà náà ni Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba ojú omi wá bá wọn. Láoyè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín tó máa ń mú un di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú ni, tí yóò fi ní kí ẹni tó ń pa á lẹ́rìn-ín dúró ná kí òun mí. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ débi tó fi rò pé ọjọ́ orí ló gbé e lọ.

Òpó tó kàn tàn bí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ gba àṣẹ ẹ̀hónú," ó wí, "òfin fún yín ní ẹ̀tọ́ ìgbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òpó yìí lè jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ẹ ń tẹ̀lé sọ bí wọ́n ti ń kọjá. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"A fẹ́ ẹ," ni Ayọ̀wùnmí wí kí Láoyè tó lanu.

Wọ́n sún mọ́ òpó. Láoyè ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó ti múra sílẹ̀ fún orúkọ àdídùn, fún ìlérí, fún èébú tí wọn yóò bú òun fúnra rẹ̀ pàápàá. Ó ti ń lá àlá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohùn Ìbídùn jáde, ó dún ketekete bí ẹni pé ó dúró síbẹ̀.

"... ewúrẹ́ Alájì tún fẹ́ kọjá lánàá. Òpó ní kò lè lọ, kò ní alábàárìn. Ewúrẹ́ dúró, ó ń wo òpó, òpó ń wo ewúrẹ́. Nígbà tó yá, àgùntàn ìyá Tánwà dé, ni òpó bá jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọjá!"

"Irọ́ lò ń pa."

"Bí mo bá purọ́! Àgùntàn kò tilẹ̀ mọ ibi tó ń lọ."

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Láoyè náà, ó sì dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kó tó di nǹkan mìíràn. Lánàá. Ó ti rí i lánàá, ó sì wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó jẹun, ó kí i pé ó dàárọ̀, ewúrẹ́ yẹn wà nínú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà, ó ń gbé e pamọ́ fún Ṣówándé.

"Eyín yẹn ńkọ́?" ni ohùn ọkùnrin náà béèrè.

"Ó ń dùn mí síbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Apá òkè ibí yìí. N kò sùn lóru àná rárá."

"Mo mú kànáfùrù wá fún ọ. Gbà, fi há a láàárín."

"O ṣé. O ṣé gan-an."

"Ẹ̀tọ́ ìgbọ́ yín ti parí," ni òpó wí.

Ohun àkọ́kọ́ tí Láoyè gbọ́ nínú ara rẹ̀ ni "o ṣé" yẹn. Kò ní "ẹ ṣé". Òun tí ó fẹ́ ẹ sílé, "ẹ" ni Ìbídùn fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀yìn náà ni ọ̀rọ̀ eyín wọlé sí i lọ́kàn. Òru àná, òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn kan. Ó gbọ́ tó ń yí sọ́tùn-ún, tó ń yí sósì. Ó rò pé ooru ni. Ó bínú sí i nínú òkùnkùn pé kò jẹ́ kí òun sùn.

Wọ́n jí eyín tó ń dun ìyàwó rẹ̀ gbé fún ẹlòmíràn. Kò mọ bí ènìyàn ṣe ń jowú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jowú rẹ̀.

"Kànáfùrù mi!" ni Ayọ̀wùnmí ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Inú agolo tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo fi í sí. Mo wá a wá a. Mo lu ọmọ mi nítorí rẹ̀, mo ní òun ló fi ṣeré. Ó wà lẹ́nu ìyàwó yín!"

Ó fa Láoyè lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Orúnkún Láoyè ń ro ó, ṣùgbọ́n àwọn òrùka kò ṣú, nítorí ìrora rẹ̀ àti ìbínú obìnrin náà ń lọ ní ìwọ̀n kan náà.

Ìsàlẹ̀-Afárá yọ níwájú: pèpéle gbọọrọ lórí omi, àwọn èrò méjì-méjì tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni òpó kan wà tí kò jọ àwọn yòókù. Ó kúrú, ó dúdú, àwòrán àtẹ́lẹwọ́ sì wà lórí rẹ̀. Òpó ẹ̀hónú nìyẹn. Ìbídùn àti Ṣówándé ti kọjá rẹ̀, wọ́n ti wà lórí àtẹ̀gùn.

"Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́," ni Ayọ̀wùnmí wí. "Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin kàn máa bá mi bọ̀ ni."

Ohun tí Láoyè fẹ́ gan-an nìyẹn. Ohun tó tìtorí rẹ̀ jí nìyẹn. Ó sì yà á lẹ́nu nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń béèrè pé, "Ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

"Òpó á yà wọ́n. Wọn kò ní rìn títí yóò fi rí ẹlòmíràn fún wọn."

"Ó lè pẹ́. Ó lè jẹ́ oṣù mélòó kan. Wọn ò ní rìn, wọn ò ní gun ọkọ̀. Agbẹ̀bí ni ìyàwó mi. Àwọn aboyún ń retí rẹ̀."

"Àwọn agbẹ̀bí mìíràn wà. Ọkọ mi ńkọ́, ṣé òun kò níṣẹ́ ni?" Ó nu ojú pẹ̀lú etí gèlè. "Kó jókòó. Kó jókòó tì mí nílé. Kó máa wo ojú mi láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní rí ibòmíràn wò."

Gbólóhùn yẹn ni Láoyè ti ń sọ fún dígí láti ọjọ́ tó ti lọ tọrọ òrùka aró. Kó jókòó tì mí. Ó dùn lẹ́nu tirẹ̀. Lẹ́nu obìnrin yìí, ó gbọ́ ọ bí a ti ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú àgádágodo. Ó rí Ìbídùn lórí àga nínú yàrá wọn, tó pa ẹnu mọ́, eyín ń dùn ún, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Òun yóò ní gbogbo ara rẹ̀ nígbà náà. Ewúrẹ́ kan kò ní kọjá lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láéláé.

Inú rẹ̀ kò rọ̀ sí Ṣówándé. Bí ọkùnrin náà bá ṣubú sínú odò lójú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, kò dá a lójú pé òun yóò na ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

Òrùka méjèèjì ṣú. Ìka Ayọ̀wùnmí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwòrán àtẹ́lẹwọ́ náà.

"Ìṣísẹ̀ yín ti yà," ni òpó dúdú wí. "A kò lè gba ẹ̀hónú ẹni tí alábàárìn rẹ̀ kò bá a dé."

Ayọ̀wùnmí yípadà. "Ẹ̀gbọ́n, orúnkún ni? Ẹ fara tì mí. Ìṣísẹ̀ kan ló kù."

"Kì í ṣe orúnkún."

Ó yé e. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó di apá aṣọ Láoyè mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń fà á. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn! Ẹ gbé e! Ta ló rán yín sí mi? Kí ló dé tí ẹ wá nígbà tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní lè ṣe é?"

"N kò mọ̀," ni Láoyè wí. "Ẹ jọ̀wọ́. N kò mọ̀."

Aṣọ ya léjìká. Àwọn èrò ń yà fún wọn. Lókè, ọkọ̀ ti dé, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí, Ìbídùn sì wẹ̀yìn bí ẹni tó gbọ́ ariwo. Ojú òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe mẹ́rin. Ó wo aṣọ tó ya. Ó wo obìnrin tó dì mọ́ aṣọ náà, láti ẹsẹ̀ dé gèlè, láti gèlè dé ẹsẹ̀. Ìlẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ gbéra.

Ayọ̀wùnmí jọ̀wọ́ aṣọ náà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fà á le.

"Ẹ̀yin lẹ lè bá ẹlòmíràn pín," ó wí jẹ́jẹ́. "Kò burú. Èmi ò lè pín. N kò sì ní bá yín rìn padà. Màá gba títì àtijọ́, bí mo tilẹ̀ máa wọ́ odò kọjá."

"Ó jìnnà. Omi ti jẹ ibẹ̀."

Ayọ̀wùnmí gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sọ́nà títì náà, kò sì wẹ̀yìn. Láoyè jókòó sórí pákó ìjókòó tó wà létí pèpéle. Kò lè dá padà sí Akútè. Yóò dúró títí òpó yóò fi rí ẹni tó ń lọ sọ́nà ibẹ̀ tí èémí rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, kò sì mọ irú èémí tí òun ń mí mọ́.

Fóònù tó lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ dún.

"Bàbá Ìlérí, ta ni obìnrin yẹn?" Ìbídùn kò kí i.

"Obìnrin wo?"

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Èyí tó fa aṣọ yín ya lójú gbogbo ayé."

Inú Láoyè dùn, ó dùn débi tí ojú fi tì í. "Ìyàwó Ṣówándé ni."

Ọkọ̀ ń hó lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Kí ló wá ṣe?"

"Ohun tí èmi náà wá ṣe."

"Òrùka aró ni mo rí lẹ́sẹ̀ yín yẹn. Ẹ fẹ́ yọ mí lọ́nà."

"Mo fẹ́ ẹ. N kò ṣe é."

"Kí ló dé tí ẹ kò ṣe é?"

"Eyín ń dùn ọ́," ó wí. "N kò mọ̀."

"Eyín lásán ni. Mo fẹ́ lọ yọ ọ́ lónìí."

"Òun mọ̀."

Láoyè di etí pákó ìjókòó mú. "Ṣé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Ó wà níbí."

"Dìde kúrò níbẹ̀."

Ó gbọ́ ìró aṣọ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń kọjá láàárín àwọn èrò, tó ń tọrọ gáfárà, tó ń lọ. Láoyè ń tẹ́tí sí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń jẹun.

"Ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo wà báyìí," ni Ìbídùn wí. "Ẹnikẹ́ni kò sí lọ́dọ̀ mi."

"Sọ nǹkan kan fún mi. Ohunkóhun. Ohun tí o kò tíì sọ fún un."

Ó dákẹ́ títí tí Láoyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé kò sí. Ó dákẹ́ bí ẹni tó ń yẹ gbogbo yàrá inú ilé wò.

"Ẹ̀rù omi ń bà mí," ni Ìbídùn wí níkẹyìn.

"Omi wo?"

"Èyí tó wà lábẹ́ pákó. Láràárọ̀. Kò bà mí nígbà tí ẹ wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ kò ti wá mọ́, tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ mi. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mò ń sọ ohunkóhun tó bá wá sí mi lẹ́nu, mò ń rẹ́rìn-ín sókè, kí n má baà gbọ́ ọ títí a ó fi dé. Tí mo bá padà délé sọ́dọ̀ yín, ó ti tán, ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Ẹnu mi á kàn sinmi."

Lábẹ́ ibi tí Láoyè jókòó sí, odò ń fi ara gbá àwọn igi pèpéle. Ó tẹ́tí sí i. Kò tíì gbọ́ ọ rí.

"Ó ń rò pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ni," ni Ìbídùn wí.

"Kò mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Má sọ fún un," ni Láoyè wí.